Ṣájà Òpó Iná ní Lọ́ńdọ̀nù: Ṣé Ó Tó Gbára Lé fún Ẹni Tó Ń Gbé Fúláàtì?

Ẹni tó ní ilé pẹ̀lú àgbàlá ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bá ra ọkọ̀ oníná, á pe oníṣẹ́ iná, wọ́n á kan ṣájà mọ́ ògiri, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ní Peckham tàbí Camberwell, tó ń gbé ọkọ̀ sójú títì, kò ní ògiri tó lè kan nǹkan mọ́. Torí irú wọn ni wọ́n ṣe fi ṣájà sára òpó iná ojú títì. A gbé e yẹ̀ wò fínnífínní níbí: bó ṣe ń ṣiṣẹ́, iye tó ń náni, ibi tó ti ń já èèyàn kulẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kéèyàn wá ọ̀nà mìíràn.

Ẹ má retí ẹ̀rọ ńlá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ni, tí wọ́n gbẹ́ ihò fún lára òpó tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú iná bíńtín kan tó ń sọ bóyá ó ṣí sílẹ̀ tàbí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí òpó lè gbà á ni pé nígbà tí àwọn káńsù yọ gílóòbù àtijọ́ tí wọ́n fi LED rọ́pò rẹ̀, iná tí fìtílà òkè ń jẹ wálẹ̀ gan-an, agbára sì ṣẹ́ kù lórí wáyà tó wà nínú ilẹ̀. Iléeṣẹ́ ubitricity, tó bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì kí Shell tó rà á lọ́dún 2021, wà lára àwọn tó mú ọ̀nà yìí gbilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 2020, òpó 24 ni wọ́n fi ṣájà sí lójú títì Sutherland Avenue nìkan ní Westminster. Kì í ṣe gbogbo òpó ló ṣeé lò, o. Èyí tó bá wà lẹ́yìn, nítòsí ògiri ilé, kò wúlò, torí wáyà á la ojú ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kọjá. Ní irú ibẹ̀, àwọn káńsù kan ń ri òpó kúkúrú mọ́ etí títì, wọ́n á sì fa iná láti ara òpó ńlá wá síbẹ̀.

Agbára rẹ̀ kò pọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbé. Kílówáàtì (kW, ìwọ̀n bí iná ṣe ń yára wọlé tó) 3.7 sí 5.5 ni òpó sábà máa ń fúnni, nígbà tí ṣájà ara ògiri ilé ń fúnni ní 7.4. Ẹ jẹ́ ká fi Nissan Leaf tó ní bátìrì 40 kWh (kWh ni yúníìtì iná tí mítà ń kà) ṣírò rẹ̀. Láti 20% dé 80% jẹ́ 24 kWh nínú bátìrì. Àmọ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iná náà máa ń di ooru dànù níbi tí ọkọ̀ ti ń yí iná AC tó wá láti ara òpó padà sí DC tí bátìrì ń gbà, nítorí náà bíi 27 kWh ni mítà máa kà. Tí òpó bá ń fúnni ní 5 kW, wákàtí márùn-ún àtààbọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ 3.7, ó lé díẹ̀ ní wákàtí méje. Ọkọ̀ tí wọ́n bá so mọ́ ọn ní aago mẹ́wàá alẹ́ á ti ṣetán kí aago mẹ́fà ìdájí tó lù, á sì rin máìlì 85 sí 95 kó tó padà sí 20%. Nígbà òtútù, máìlì yẹn á dín kù. Ẹni tó bá wá síbi òpó lọ́sàn-án pé òun fẹ́ fi ogójì ìṣẹ́jú ṣáájì, òun ló ṣi ẹ̀rọ lò. Iṣẹ́ òru ni iṣẹ́ òpó.

Wáyà kò sí lára òpó. Oníkálùkù ló ń mú tirẹ̀ wá. Type 2 ni orí tó máa wọ òpó. Orí kejì wà lọ́wọ́ ọkọ̀: púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù báyìí ló ń lo Type 2, ṣùgbọ́n àwọn Leaf àtijọ́, àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú oní-40 kWh, Type 1 ni wọ́n. Ẹni tó bá ra irú wọn ní tòkúnbọ̀, wáyà Type 1 sí Type 2 ni kó bèèrè, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ná owó lásán.

Ẹ wo inú orí wáyà náà dáadáa. Lẹ́yìn àwọn irin ńlá tó ń gbé iná, irin kékeré méjì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni òpó àti ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìkejì so mọ́ rẹsísítọ̀ kan (ohun kékeré tó ń dín iná kù, ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) tó ń sọ iye iná tí wáyà fúnra rẹ̀ lè gbé: ohm 220 túmọ̀ sí ampere (ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà kọjá) 32, ohm 680 túmọ̀ sí 20, ohm 1500 túmọ̀ sí 13. Òpó á ka nọ́ńbà yìí kó tó tú iná sílẹ̀, kò sì ní kọjá rẹ̀ láé. Ìdí nìyí tí wáyà olówó pọ́ọ́kú fi lè sọ òpó 5.5 kW di 3 kW láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ á máa bú òpó, òpó ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ ra oní-ampere 32. Ní ti gígùn, mítà 5 kì í sábà tó. Imú ni ojú ìṣáájì Leaf oní-40 kWh wà. Ti MG4, ọkọ̀ oníná mìíràn, wà lẹ́yìn lápá òsì. Bí àyè ìgbọ́kọ̀sí tó ṣí sílẹ̀ bá gbé ìdí ọkọ̀ sọ́dọ̀ òpó nígbà tí ojú ìṣáájì wà nímú, mítà 7.5 ló máa gbà yín. Mítà 10 wúwo, kò sì rọrùn láti ká nínú òjò.

Ẹ kọ́kọ́ ti orí wáyà bọ òpó, kẹ́ ẹ tó fi ìkejì bọ ọkọ̀. Ẹ fi fóònù ya àmì QR tó wà lára òpó, ẹ yan bí ẹ ṣe máa sanwó, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń ti orí wáyà pa. Lẹ́yìn náà, ẹ má tíì lọ. Ẹ padà wo dáṣíbọ́ọ̀dù: ó gbọ́dọ̀ máa fi iye kílówáàtì tó ń wọlé hàn. Ìṣẹ́jú méjì yìí ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ kó jí láàárọ̀ kó bá bátìrì níbi tó wà lálẹ́ àná. Ohun tó sábà máa ń fa ìyẹn ni aago ìṣáájì tí wọ́n ti yàn sínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, bóyá ẹni tó tà á ló yàn án torí iná olówó kékeré ti òru nílé tirẹ̀. Òpó á ní òun ti ṣetán, ọkọ̀ á ní aago òun kò tíì tó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ á ṣe mọ́. Ẹ pa aago yẹn rẹ́ nínú ọkọ̀ àti nínú áàpù ọkọ̀, méjèèjì.

Wàhálà kejì ni wáyà tó kọ̀ tí kò já. Òpó ń tì í pa, ọkọ̀ náà ń tì í pa. Ẹ dá ìṣáájì dúró nínú áàpù, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ apá ti ọkọ̀, lẹ́yìn náà ẹ lọ síbi òpó. Tó bá ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi ọwọ́ gbé wáyà kó má rọ̀ dirodiro, ẹ ti orí rẹ̀ wọlé díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó fà á. Ìwúwo wáyà ló sábà ń fún irin ìtìpa mọ́lẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tó bá fagbára já a á ṣẹ́ irin kékeré inú òpó, kò sì sẹ́ni tó máa lè lò ó títí wọn óò fi wá tún un ṣe.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa fi káàdì báǹkì kàn lára òpó, ẹ ò ní rí i. Òfin ìjọba Britain tọdún 2023 lórí ṣájà ìta fi dandan lé kíkan káàdì fún ṣájà tuntun tó bá tó 8 kW sókè. Òpó kò tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin kan náà ló ní kí wọ́n kọ iye owó ní pẹ́ńsì fún kWh kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ọ̀fẹ́ sì wà tọ̀sán-tòru. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà náà sínú fóònù kí wàhálà tó dé.

Ọ̀rọ̀ owó ló dùn wá jù, torí ìyà tó jẹ àwọn tó ń gbé fúláàtì kò tọ́ sí wọn. VAT 5% ni wọ́n ń gbé lé iná ilé. Èyí tí wọ́n ń gbé lé iná ṣájà ìta jẹ́ 20%. Ká ní òpó ń ta yúníìtì kan ní 50 pẹ́ńsì, 27 kWh tá a ṣírò lókè yẹn á jẹ́ £13.50. Ẹni tó ń san 25 pẹ́ńsì nílé á ná £6.75; ẹni tó ní ṣájà ògiri tó sì wà lórí ètò iná òru ní 8 pẹ́ńsì á ná £2.16. Ọkọ̀ kan náà, máìlì kan náà. Síbẹ̀, òpó ṣì dẹwọ́ ju àwọn ṣájà oníyára ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ lọ. Àwọn tó ni òpó kan máa ń dín owó kù lóru, nítorí náà ẹ wo aago tí owó ń yí padà nínú áàpù kẹ́ ẹ tó ti wáyà bọ̀ ọ́.

Àyè ìgbọ́kọ̀sí náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Níbi tí káńsù kò bá ti kùn ún pé ọkọ̀ oníná nìkan, ọkọ̀ epo lè dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì rú òfin kankan. Ẹni tó bá fẹ́ gbára lé òpó gbọ́dọ̀ mọ mẹ́ta ó kéré tán tó lè fẹsẹ̀ rìn dé láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ọ̀kan ṣoṣo ló bá wà ní àdúgbò yín, ẹ má tíì ra ọkọ̀ náà. Ẹ kọ̀wé sí káńsù ná pé ẹ fẹ́ òpó lójú títì yín.

Àwọn kan ń ju ẹkisitẹ́ńṣọ̀n gba ojú fèrèsé bọ́ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Wáyà ìṣáájì tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé oníhò mẹ́ta ń fa nǹkan bí ampere 10 fún wákàtí mẹ́wàá gbáko láìsinmi, sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri àtijọ́ ò lè gba ooru bẹ́ẹ̀ mọ́ra lójoojúmọ́. Tí ẹkisitẹ́ńṣọ̀n bá tún wà ní kíká, ooru á há sáàárín rẹ̀, rọ́bà á yọ́. Ilé tí ìdílé ogún ń sùn sí kì í ṣe ibi tá a ti ń dán irú ẹ̀ wò. Yàtọ̀ síyẹn, òfin Highways Act tọdún 1980 kò fàyè gba títa wáyà sórí títì ìjọba láìgbàṣẹ.

Ẹni tó bá ní àyè ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, kó gbàgbé òpó, kó lépa ṣájà tirẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2022 ni ìjọba ti ní owó ìrànwọ́ fún ayálégbé àti ẹni tó ni fúláàtì; £350 ló pọ̀ jù tí wọ́n ń fúnni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo iye tó wà lójú ìwé ìjọba báyìí. Àyè náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín, kúrò lójú títì, landlọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, oníṣẹ́ iná náà sì gbọ́dọ̀ wà lára àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí. Ohun tó ń fa ìjà ni ibi tí iná máa ti wá. Tí mítà fúláàtì yín bá wà nísàlẹ̀ nítòsí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ fa wáyà onírin láti ibẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa san owó iná yín. Tó bá jìnnà, iná gbogbogbòò ilé ni wọ́n máa lò, mítà kékeré á sì máa ka ti oníkálùkù.

Ẹ bi iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ilé ní iye ampere tó ń wọlé. Ká ní wáyà mẹ́ta ló ń gbé iná wọlé, ampere 100 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣájà ampere 32 mẹ́wàá kò lè ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí mẹ́ta péré ló ti gba ampere 96 lórí wáyà kan, fìtílà àtẹ̀gùn àti ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè kò tíì jẹ nǹkan kan. Ẹ̀rọ tó ń pín iná láàárín àwọn ọkọ̀ ni ojútùú rẹ̀. Ó lè fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ampere 10 lóru, ìyẹn 2.3 kW, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 6 lọ, torí ọkọ̀ kì í gba èyí tó bá kéré sí i. Oníṣẹ́ iná tí kò bá sọ̀rọ̀ nípa ìpínná, nípa ààbò bí wáyà ilẹ̀ bá já lójú títì, àti nípa dídí ihò tí wáyà gbà kọjá lára ògiri kí iná má ràn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ibi tá a wá fi òpó sí: fún ẹni tó ń rìn bíi máìlì 150 lọ́sẹ̀, tó lè so ọkọ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí òpó mẹ́ta sì wà nítòsí rẹ̀, ó dára, a fi ọkàn tán sí i. Fún awakọ̀ tákísí tó ń rin máìlì 120 lójúmọ́, kò tó. Irú wọn á nílò òpó lálaalẹ́, alẹ́ kan tí wọ́n bá sì pàdánù àyè, ṣájà oníyára lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ló máa gba èrè iṣẹ́ wọn. Bátìrì tó tóbi gan-an nìkan ló máa jẹ́ kí wọ́n lè fo alẹ́ kan.