Kíláàsì yóga ní Sùúrùlérè tí kò kó mi sí gbèsè

₦3,000, ₦4,500, ₦6,000. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn nìyẹn. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ mú èyí tí apá yín ká. A ò ní bi yín ní nǹkan kan." Kóló onípákó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ibẹ̀ lèèyàn máa ń ti owó bọ̀ kó tó wọlé, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ iye tó san. Ẹni tí kò bá mú owó dání á fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì.

Télọ̀ ni mí, Àgúdà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó bá wá di àsìkò ọdún, ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ oorun. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń dùn mí, ó wá bọ́ sí èjìká. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ kọ́sítọ́mà mi ló ní kí n gbìyànjú yóga, ìyẹn eré ìmárale tí wọ́n fi ń na ara, tí wọ́n sì fi ń mí dáadáa. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ béèrè, ní Victoria Island, ₦20,000 ni wọ́n pè fún wákàtí kan, ẹní tí màá dùbúlẹ̀ lé sì tún lówó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Owó ọkọ̀ lọ sí CMS àti èyí tí màá tún wọ̀ níbẹ̀ ò sí nínú ìyẹn o. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Tí ẹni tó ń gba iye yẹn bá lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gbogbo owó oṣù rẹ̀ ò ní tó o.

Ti Sùúrùlérè yìí, gbọ̀ngàn kékeré kan ni lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò jìnnà sí Bode Thomas. Àǹtí Yóga la máa ń pe olùkọ́ wa. Mo lè bí i lọ́mọ, àmọ́ olùkọ́ ni olùkọ́. Òun náà kì í gbàgbé "mà" tirẹ̀: "Mọ́mì, ẹ rọra, mà. Ẹ mí sínú, mà. Ẹ mí síta, mà."

Nígbà tí mo pè é pé mo ń bọ̀, ó ní kí n mú ọ̀já wá. Ẹ̀rín pa mí. Ó ní bẹ́líìtì aṣọ kan wà tí wọ́n máa ń tà fún oníyóga láti fi fa ẹsẹ̀, pé kí n má fowó mi ṣòfò lórí ẹ̀. Ọ̀já tí mo fi pọn àbígbẹ̀yìn mi ni mo lọ fà yọ nísàlẹ̀ àpótí. Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n gbé àárín ọ̀já kọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, kí n di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kí n wá máa na ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀. Háà! Iṣan ẹ̀yìn itan mi fà, ó le bí okùn. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n má fà á mọ́, kí n kàn máa mí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá kanlẹ̀, ìró tí a ká jọ ni wọ́n máa ń gbé sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú á lo àga. Wọn ò ta ohunkóhun fún wa.

Mo bi í pé, "Àǹtí, ṣé ó tiẹ̀ ń kù fún yín?" Kò bínú. Ó ní ₦25,000 ni owó gbọ̀ngàn fún ìjókòó kan, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń lọ sí bíi ₦6,000. Tí èèyàn mẹ́wàá bá wá, tí owó wọn sì jẹ́ ₦4,500 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí a bá pín in dọ́gba, ₦14,000 ló máa kù fún un. Ẹni tó san ₦6,000 ti bá ẹni tó san ₦3,000 dí i nìyẹn. Ó tún san owó ẹ̀kọ́ wákàtí 200 tí Yoga Alliance, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yóga ní Amẹ́ríkà, máa ń béèrè kí wọ́n tó forúkọ olùkọ́ sílẹ̀. Dọ́là ló fi san án, lẹ́yìn tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́dún 2023, tí dọ́là wá gbówó lórí. Nítorí náà, mi ò fẹ́ kó dín owó rẹ̀ kù. Àwa télọ̀ mọ ìyà yẹn: kọ́sítọ́mà á ra léèsì olówó gọbọi, tó bá wá kan owó iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. ₦4,500 ni mo máa ń san. Ní Disẹ́ńbà tí owó aṣọ ẹbí wọlé, mo san ₦6,000. Ní Jánúárì, ₦3,000, kò sì sẹ́ni tó wojú mi.

Ibi tí mi ò ti gbà fún un ni káàdì. ₦32,000 ni fún ìgbà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, èyí tó kù ti wọgbó. Ó ní àwọn kan máa ń rà á, wọ́n á pòórá, wọ́n á wá ya dé lọ́jọ́ tí ibẹ̀ kún. Ó yé mi, àmọ́ kó jẹ́ oṣù méjì. Owó èèyàn ṣì ni. Kò tíì yí i padà, mi ò sì tíì rà á.

Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní òrìṣà ni. Láti Íńdíà ni yóga ti wá lóòótọ́, àmọ́ níbi tí mo ń lọ, èémí la ń mí, ẹsẹ̀ la ń nà.

Ẹ̀yìn mi ò tíì dá ṣáṣá, àmọ́ mo ti lè bẹ̀rẹ̀ gé aṣọ láìdi tábìlì mú. Ọ̀fẹ́ ni kíláàsì ọjọ́ 21 oṣù Júùnù, tí àjọ UN yà sọ́tọ̀ fún yóga, ṣùgbọ́n èrò máa ń pọ̀. Tí ẹ bá ń lọ, Sátidé àárọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà tí wọ́n kọ máa ń di mẹ́fà ààbọ̀, tí ẹ bá sì wá dùbúlẹ̀ níparí pé kára balẹ̀, àwọn akọrin ilé kejì á ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò tiwọn, tìlù-tìlù.