Mo ra ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lórí rédíò n'Ìbàdàn, ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ jẹ́ n yáa tètè sọ ọ́ kó yé gbogbo wa, nǹkan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni ò gbà mí síṣẹ́ níbẹ̀ o, ọjà ni mo rà. "Belt" làwọn ará inú iṣẹ́ ń pè é: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, gbogbo Túsìdeè, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ilé iṣẹ́ rédíò kan n'Ìbàdàn níbí. Mi ò ní dárúkọ wọn, mo ṣì lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ìyá mi náà ò sì tíì yé gbọ́ wọn. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi rà á, láti January 2023 títí dé June 2024, ó sì tó oṣù mẹ́jọ nínú ẹ̀ kó tó yé mi pé ọjà ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, tẹ́nì kan bá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, "sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni mí" ni, màá tún na ọrùn bí ẹni wọ agbádá tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé gbogbo ohùn tẹ́ ẹ ń gbọ́ lórí rédíò ló ń gbowó oṣù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó. Àwọn tó ń kàròyìn àtàwọn tó wà lórí dúútì, àwọn yẹn lòṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń ṣètò Yorùbá lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, àwa la ń sanwó fún rédíò. Wàá ra àkókò, wàá fẹsẹ̀ ara ẹ wá onígbọ̀wọ́ tó máa polówó, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tó o ti san tiwọn ni tìẹ. Tí ò bá wá ṣẹ́kù ńkọ́? Gbèsè yẹn náà, tìẹ ni. A tiẹ̀ lẹ́gbẹ́, FIBAN, ẹgbẹ́ àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni, ọ̀rọ̀ belt yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì sí jìbìtì nínú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi ni mi ò bèèrè dáadáa. ₦18,000 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ta tèmi, ọ̀sẹ̀ 13 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà, ìyẹn ₦234,000, wàá kó o lélẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó gbé fader, ohun tí wọ́n fi ń ṣí mic, sókè fún ẹ. Owó tí mo fẹ́ fi ra ọ̀kadà ni mo kó lé e.

Bàbá mi ló kó bá mi. Bàbá tiẹ̀, ìyẹn bàbá mi àgbà, ní ọ̀kan nínú àwọn rédíò àpótí tí wọ́n ń fi wáyà fà wọnú ilé, èyí tí òyìnbó gbé d'Ìbàdàn ní 1939. Ibùdó kan ṣoṣo ni, kò ṣeé yí síbòmíì, ohun tó o lè ṣe sí i ò ju kó o gbé ohùn ẹ̀ sókè tàbí kó o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, kò gbèsì, òun ni wọ́n fi ń pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Bàbá mi ní tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìlù gángan á kọ́kọ́ dún, òyìnbó rò pé orúkọ ilé iṣẹ́ nìlù ń pè, gbogbo ọmọdé Ìbàdàn sì ti mọ̀ pé "B'Ólúbàdàn bá kú, ta ni ó joyè?" ló ń sọ. Ó máa ń fi ìka lu tábìlì tó bá ń sọ ọ́. Èmi náà wá dàgbà sínú sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Kọ́lá Ọláwuyì àti ètò abàmì ẹ̀, "Nǹkan Ń Bẹ", tí ò sẹ́ni tó lè dá lọ sí ṣáláńgá nílé wa l'Ókè-Àdó lẹ́yìn ètò yẹn, ohùn ẹnì kan ṣoṣo, kò rí wa, a ò rí i, ó sì ń dẹ́rù bà wá nínú yàrá tiwa. Mo ní ohun tí mo fẹ́ ṣe láyé nìyẹn (kì í ṣe kí n máa dẹ́rù bààyàn o).

Ẹ má jẹ́ n ṣàìmoore, ibi tó dáa nínú ẹ̀ dáa. Sítúdíò tutù, AC wọn ò ṣeré. Headphone wọn, fóòmù apá òsì ti ya, ó sì máa ń rùn bí ìpara irun ẹni tó lò ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e sétí, tí iná pupa tàn lókè ilẹ̀kùn, tí mo ní "ẹ kúrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi", tí ohùn mi padà wá bá mi bí ohùn ẹlòmíì, ohùn àgbàlagbà kan tó mọ nǹkan tó ń sọ, orí mi wú. Engineer tó wà lẹ́yìn dígí mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan, kò rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí console ẹ̀. Wọ́n pè mí láti Ìṣẹ́yìn, wọ́n pè láti Lálùpọn. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà l'Ójòó pè fún oṣù mẹ́ta gbáko láìpa ọ̀sẹ̀ kan jẹ, kì í béèrè nǹkan kan, ó kàn ń kí mi ni. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni wọ́n ń tà, owó mi ì bá má dùn mí.

Àmọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí wọ́n tà fún mi kì í pé ọgbọ̀n. Ìròyìn aago mẹ́rin á kọ́kọ́ jẹ nínú ẹ̀, ìpolówó tiwọn fúnra wọn á gé e láàrin, tó bá wá ku díẹ̀, ẹni tó wà lórí dúútì á ti máa nàka sí aago. Mo fi fóònù mi wọ̀n ọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: èyí tó gùn jù, ìṣẹ́jú 26, èyí tó kéré jù, 19. Túsìdeè kan wọ́n múná lọ, gẹn kọ̀, ibẹ̀ ṣú dùdù, èmi sì ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè sínú mic tó ti kú, odidi ìṣẹ́jú 7. Mo lọ bá Àǹtí tó wà ní marketing, mo ní ẹ bá mi fi ìṣẹ́jú yẹn kún tọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò bínú rárá o. Ó gba rìsíìtì lọ́wọ́ mi, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, ó fi èékánná tó kùn ní pupa tọ abẹ́ ìlà kan tó tín-ín-rín níbẹ̀, ó ní "Bọ̀dá, ẹ bá mi kà á sókè." Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn kì í dá owó padà, àwọn kì í sì í san àkókò tí iná bá jẹ. Mo kà á sókè. Ó ní ohùn mi dùn.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Òṣìṣẹ́ wo ló ń gba rìsíìtì?

Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, gbogbo nǹkan fò, àwọn náà bá fún wa níwèé pé belt ti di ₦25,000, ẹ ṣèṣirò ẹ̀ ní ọ̀nà 13. Mi ò lè bá wọn jà, gẹn kì í mu omi. Àwọn onígbọ̀wọ́ ni wàhálà. Oníbẹ́ẹ̀dì mi ní Gbági ní òun ti rí ọmọ kan tó ń bá òun ṣe Facebook, àti pé rédíò ti pọ̀ jù, èwo lèèyàn á fowó sí. Òótọ́ ló sọ. Kó tó di 1992 tí ìjọba ológun ṣe Decree 38 tó dá NBC, àjọ tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀, tó sì ṣílẹ̀kùn fún aládàáni, rédíò ìjọba nìkan ló wà. Lónìí, Premier 93.5 wà ní Dùgbẹ̀, Amúlùdùn 99.1 wà ní Mọ́níyà, Splash 105.5 wà ní Fẹ́lẹ́lẹ̀, Fresh 105.9 wà ní Challenge, ká tó dé Ilé Akéde, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Oríta Baṣọ̀run, ká tó wá ka àwọn tó yọjú láìpẹ́ (ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í méfò, mo ní mi ò ní dárúkọ ẹni tó ta tèmi), àwa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ sì pọ̀ nígboro tá à ń rìn kiri Gbági pẹ̀lú fáìlì lábíyá. A máa ń pàdé ara wa níwájú ṣọ́ọ̀bù kan náà, a ó máa díbọ́n pé aṣọ la wá rà.

Ẹ má rò pé àwọn òṣìṣẹ́ gidi ń gbádùn jù wá lọ o. Ọ̀rẹ́ mi tí mo ní ó wà níbẹ̀, títí dòní owó oṣù ẹ̀ ò tó ₦70,000 tí òfin ní kó jẹ́ èyí tó kéré jù láti 2024. MC òde ìgbéyàwó tó ń ṣe ní Sátidé ló fi ń bọ́mọ.

Ẹni tó wá dúró tì mí dópin ni Alhaja kan tó ń ta àgbo l'Ọ́jà'ba. Kì í san án pé o, ìdajì owó, ìdajì páálí àgbo, yàrá mi ń rùn bí igbó. Ó fẹ́ kí n sọ pé àgbo òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà, kò sì ní nọ́ńbà NAFDAC kankan. Òfin ò gbà kéèyàn máa polówó oògùn báyẹn lórí rédíò, wọ́n mọ̀, èmi náà mọ̀, Àǹtí eléèékánná pupa mọ̀ jù wá lọ, òun gan-an ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ má sọ pé ó ń wò ó. Ẹ sọ pé àwọn tó ti lò ó ń jẹ́rìí." Mo sì sọ ọ́. Mo fi ohùn àgbàlagbà yẹn sọ ọ́, mo fewì sí i, mo fòwe sí i, ó dùn mọ́ èmi fúnra mi. Ọjà tà, Alhaja fi ₦10,000 kún owó mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ètò parí, mo ti bọ́ síta géètì, mò ń wá Micra tó ń lọ Mọ́kọ́lá, fóònù mi dún. Ìyá àgbàlagbà kan ni. Ó kí mi, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní òun kì í fi ètò mi ṣeré. Ó wá ní, "Bọ̀dá mi, ẹ dákun, mo ti ra ìgò méjì. Ṣé kí n ṣì máa lo ti UCH pọ̀ mọ́ ọn ni, àbí kí n ti fìyẹn sílẹ̀?"

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn dókítà sílẹ̀ o. Ẹ má fi sílẹ̀ rárá."

Ó ní, "Ṣèbí ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán yìí?"

Mo ní mo mọ̀, mà. Ó dákẹ́. Ó ní ó dáa, ẹ ṣeun. Micra mẹ́ta dúró níwájú mi, mi ò wọ ìkankan. Ìyẹn ní kírédíìtì lórí fóònù ẹ̀ ló fi rí mi pè. Àwọn tí ò ní ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní mo fẹ́ sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ pé kẹ́nikẹ́ni má torí àgbo fi oògùn ọsibítù sílẹ̀. Ẹni tó wà lórí dúútì ní kí n lọ bi marketing, marketing ní kí n lọ bi Alhaja, torí owó ẹ̀ ló wà nínú belt. Belt tí èmi rà! Mo sọ ọ́ ṣá. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Alhaja kó owó ẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kù lórí rìsíìtì mi ni mo lò tán, mi ò san òmíì.

Tẹ́ ẹ bá ní ọjà tẹ́ ẹ̀ ń tà, tẹ́ ẹ sì lóhùn, ẹ rà á, ó lè tọ́ sí yín, ẹ ṣáà wọn ìṣẹ́jú yín, kẹ́ ẹ sì ka ẹ̀yìn rìsíìtì kẹ́ ẹ tó sanwó. Èmi fún un ní ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, ọ̀kan jẹ́ ti engineer, èkejì jẹ́ ti ọkùnrin tó ń lẹ táyà l'Ójòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ Micra n'Ìwó Road, mi ò tiẹ̀ rántí pé Túsìdeè ni. Dẹ́rẹ́bà ṣí rédíò, jíngù mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, gángan tí mo sanwó fún onílù kan ní Òjé pé kó lù fún mi, wọn ò yọ ọ́, orúkọ mi nìkan ni wọ́n gé kúrò níbẹ̀. Ọmọkùnrin kan bọ́ síbẹ̀, ohùn ẹ̀ ṣì tutù, ó kí àwọn èèyàn ẹ̀ kúrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tó fi dórí àgbo. "Àwọn tó ti lò ó ń jẹ́rìí." Dẹ́rẹ́bà gbé e sókè, ó ní "Ọmọ yìí mọ̀ ọ́n sọ o, àbí ẹ ò gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo ní kó já mi sílẹ̀ ní Agodi Gate.