Terro, oògùn èèrà olómi, lẹ́yìn ìgbà ìrúwé mẹ́ta

Ní Maryland tí a ń gbé, nígbà tí òtútù bá ti ń dẹwọ́ ní ìparí oṣù Kẹta, tí igi ṣẹ́rì sì ti ń tanná, ni èèrà máa ń wọ ilé ìdáná wa. Wọ́n á gba abẹ́ fèrèsé tó wà lókè síǹkì wọlé, wọ́n á tò gba ẹ̀yìn kẹ́tùlù kọjá, wọ́n á sì kọrí sí ibi tí agolo Mílò àti ike oyin wà. Èèrà kéékèèké ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn kò gùn ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Terro, oògùn èèrà olómi tí mo ti lò fún ìgbà ìrúwé mẹ́ta, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà ṣì gbà pé flíìtì nìkan ni èèrà ń gbọ́.

Èmi náà ti gbà bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí a kó wọ ilé yìí, agolo flíìtì mẹ́ta ni mo fín tán láàárín oṣù kan. Gbogbo èyí tí mo bá fojú rí ló ń kú, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn mìíràn ti tò. Mo wá pe ilé iṣẹ́ kan tó ń pa kòkòrò. Òṣìṣẹ́ wọn dé, ó fín oògùn yí ẹsẹ̀ ògiri ká fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò béèrè ibi tí èèrà ń gbà wọlé, kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ síǹkì, ó gba owó, ó lọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, èèrà ti ń jáde ní ilé ìdáná, wọ́n sì ti ń jáde ní balùwẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó fà á ni pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń jáde wá oúnjẹ nínú agbo èèrà kan; ìyókù wà nínú ihò wọn pẹ̀lú àwọn ìyá tó ń yé ẹyin. Irú èèrà tiwa yìí kì í sábà ní ìyá kan ṣoṣo, ìyá lè pọ̀ gan-an nínú agbo kan, bí flíìtì bá sì dà wọ́n láàmú, apá kan lè ya lọ dá agbo tuntun sílẹ̀ níbòmíràn nínú ilé kan náà.

Páálí Terro tí mo máa ń rà ní awo ìdẹ mẹ́fà nínú, níbi tí mo sì ti rà á, owó rẹ̀ kò tó dọ́là mẹ́wàá. Awo náà jẹ́ ike tó mọ́ gaara, ó fẹ̀ pẹrẹsẹ, omi dídùn kan tó ki díẹ̀ bí oyin tí a là wà nínú rẹ̀. Ènìyàn á fi àlùmọ́gàjí gé ẹnu rẹ̀, á sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí èèrà ń tọ̀. Bóráàsì ni oògùn tó wà nínú omi náà, ìdá 5.4 péré nínú 100, adùn ló sì bo ìyókù. Agbára rẹ̀ wà nínú pé kì í tètè pani. Èèrà tó mu ún kì í kú lójú ẹsẹ̀. Á yó, á padà sílé, á sì pọ oúnjẹ náà láti ẹnu rẹ̀ sí ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ àti àwọn ìyá tí flíìtì kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé. Bí oògùn náà bá le jù, èyí tó mu ún yóò kú sójú ọ̀nà, kò ní sí ẹni tí yóò gbé e délé.

Ìdí nìyí tí ó fi gba sùúrù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń bà á jẹ́. Ọdún tí mo kọ́kọ́ lò ó ni ìyá mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa tọ́jú ọmọ tuntun. Ní alẹ́ tí mo gbé awo méjì sílẹ̀, èèrà pé lé wọn lórí bí ẹni pé ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n tò sí. Mo ka ọgọ́ta lára awo kan kí n tó jáwọ́. Ní òwúrọ̀, mo bá ìyá mi tó ń fi aṣọ tútù nù wọ́n kúrò. Mo ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nù wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n mu ún.” Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ìwọ ń fún èèrà lóúnjẹ nínú ilé tí ìkókó wà?” Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan pa, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n ní, “Kí ló ń rùn bí àgbọn tó ti bàjẹ́ báyìí?” Òórùn yẹn gan-an ni a fi ń dá irú èèrà yìí mọ̀. Mo ṣàlàyé, wọ́n fara mọ́ ọn, wọ́n sì fi aṣọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìlà wọn ti tín-ín-rín. Ní ọjọ́ kẹjọ, a kò rí ẹyọ kan mọ́.

Oògùn yìí ní àléébù. Bí a bá fún awo náà mọ́wọ́ nígbà tí a ń gé ẹnu rẹ̀, omi inú rẹ̀ á tú jáde, á sì lẹ̀ mọ́ orí tábìlì bí oje igi. Bí awo bá dojú dé, gbogbo rẹ̀ dànù. Ibi tí ọmọ tó ń rá tàbí ajá kò lè dé ni kí a gbé e sí, bí ọmọ bá sì fi í sẹ́nu, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ lórí májèlé ní Amẹ́ríkà, 1-800-222-1222, ni kí a tètè pè. Bákan náà, èèrà tó fẹ́ adùn ló ń pè. Èyí tó jẹ́ pé ọ̀rá ló ń wá lè kọjá lára rẹ̀ láì bojú wẹ̀yìn. Àwọn èèrà dúdú ńláńlá tó ń gbẹ́ ilé sínú igi tún yàtọ̀, nítorí igi tí omi ti rin ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, ibi tí omi ti ń jò sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ ni èsúnsún. Nígbà tí mo wà ní kékeré, òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń lé wọn jáde, àwa ọmọdé a sì gbé ọpọ́n omi sábẹ́ iná láti kó wọn, kí a tó yan wọ́n jẹ. Ní Maryland, ìgbà ìrúwé ni wọ́n ń fò, bí wọ́n bá sì jáde láti inú ògiri ilé yín, ikán ti wà nídìí igi ilé náà nìyẹn. Terro kò ní agbára kankan lórí ikán. Ẹ wò wọ́n dáadáa, nítorí èèrà náà máa ń níyẹ̀ẹ́: ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí èèrà máa ń tẹ̀ bí ìgúnpá, ti èsúnsún gún gbọọrọ, ìbàdí èèrà fún, ti èsúnsún kò fún, ìyẹ́ iwájú èèrà gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti èsúnsún sì dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ èsúnsún, ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ ikán, kí ẹ má ṣe dá a wò fúnra yín.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní ọdún kejì, kí oṣù Kẹta tó parí, mo fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí etí fèrèsé yẹn, mo pààrọ̀ rọ́bà abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo sì ki kànìnkànìn onírin yí páìpù abẹ́ síǹkì ká, nítorí ihò tí kò ju ìdámẹ́rin ínǹṣì lọ tó èkúté láti wọlé. Awo ìdẹ kan ṣoṣo ni mo lò lọ́dún náà. Lọ́dún yìí, mo gbé ọ̀kan sílẹ̀ ní ọjọ́ tí mo rí èèrà àkọ́kọ́ tó ń dá rìn kiri, kò sì di ìlà rárá.

Nínú máàkì márùn-ún, mo fún un ní mẹ́rin. Mo yọ ọ̀kan nítorí ike rẹ̀ tó ń tú omi jáde nígbà tí a bá ń gé e, tí ilé iṣẹ́ náà ì bá sì fi ìdérí tó rọrùn rọ́pò.