Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra narrowboat àtijọ́ ní London: ẹ wo ọjọ́ tó wà lára ìwé ẹ̀rí iná kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ wà ní London àti agbègbè rẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí owó ilé ti ń lé lọ sí orí omi, mo kọ èyí nítorí pé ọkùnrin tó ta ọkọ̀ tí mo ń gbé fún mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọgbọ́n tó fi mú mi náà ló sì fi ń mú àwọn ẹlòmíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ra narrowboat, ọkọ̀ omi tóóró tí àwọn ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, èyí tó ti pẹ́, kó kùn ún, kó tún inú rẹ̀ ṣe, kó sì kọ ọ́ sínú ìpolówó pé òun ti pààrọ̀ gbogbo wáyà iná rẹ̀, àti pé ìwé ẹ̀rí wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí ẹjọ́ wa kò tíì parí. Bí ẹ bá ti mọ irú ìwé tó máa ń gbé jáde, ẹ ó dá a mọ̀ láìsí orúkọ.

Ọkọ̀ tí mo rà gùn tó mítà 17, irin ni gbogbo ara rẹ̀, ọdún 1989 ni wọ́n sì kàn án. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni mo san £43,000 fún un, láti báńkì mi sí báńkì rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé méjì ló gbé lé mi lọ́wọ́. Èkíní ni ìwé ẹ̀rí Boat Safety Scheme, ètò àyẹ̀wò ààbò ọkọ̀ omi tí gbogbo ará orí omi mọ̀ sí BSS, ó sì ku ọdún mẹ́ta ó lé díẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Èkejì ni ìwé tí oníṣẹ́ iná kan fọwọ́ sí, tó ní nọ́ńbà àti òǹtẹ̀, tó sọ pé iṣẹ́ náà bá ìlànà iná BS 7671 mu. Mo ka méjèèjì dáadáa, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nínú ìwé méjèèjì, kò sí èyí tó jẹ́rìí sí wáyà tó wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tí mo rà á. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni wọ́n kọ ìwé BSS náà, ṣùgbọ́n rìsíìtì wáyà tuntun, tí ẹni tó ta ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ fi hàn mí kí n lè gbà pé iṣẹ́ tuntun ni, ti oṣù kẹjọ ni. Wáyà ọdún 1989 ni olùyẹ̀wò rí. Ọdún mẹ́rin ni ìwé BSS fi ń wúlò, ó sì jẹ́ ojúṣe ẹni tó ni ọkọ̀ láti rí i pé ọkọ̀ náà ń bá ìlànà mu ní gbogbo àkókò yẹn; bí ẹnikẹ́ni bá tú iná ọkọ̀ palẹ̀ lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìwé náà kò lè sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tuntun yẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbolóhùn yìí kà, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn náà wà. Ìwé tòótọ́ ni, kì í ṣe ayédèrú, òun ló sì jẹ́ kó rọrùn láti fi tan ènìyàn jẹ.

Kódà bí ọjọ́ bá tiẹ̀ bá ara mu, ẹ má ṣe gbé gbogbo ẹrù yín lé BSS lórí. Ọdún 1997 ni British Waterways, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi nígbà náà, àti Environment Agency dá ètò náà sílẹ̀ kí iná àti ìbúgbàù orí ọkọ̀ kan má baà pa ẹlòmíràn lára. Olùyẹ̀wò máa wo ohun tí ojú lè rí: ṣé bátìrì dúró gírí, ṣé orí rẹ̀ wà ní bíbò, ṣé súìṣì àgbà wà nítòsí rẹ̀, ṣé wáyà kò fara kan páìpù gáàsì tàbí ti epo. Kò ní tú pákó ara ògiri láti wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ amòye mìíràn, tí wọ́n ń pè ní surveyor, nìyẹn, owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì ń san fún un.

Ti BS 7671 wá ńkọ́? Ìlànà iná ilé ni. Ó kan ọ̀pá iná tó wà ní etí odò, níbi tí a ti ń fa iná wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ yọ iṣẹ́ iná inú ọkọ̀ tó wà lábẹ́ ìlànà ISO 13297 kúrò lára ohun tó ń darí. Oníṣẹ́ iná ilé lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, kó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì, kí ìwé rẹ̀ má sì wúlò lórí omi. Nígbà tí mo padà lọ bá ẹni tó tà á, ó ní ọkọ̀ tí wọ́n kàn ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 1998 kò sí lábẹ́ òfin kankan. Ìdajì òótọ́ ni. Òótọ́ ni pé òfin tó de àwọn tó ń kan ọkọ̀ tuntun kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà tí wọ́n kan ọkọ̀ mi, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ àtijọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú BSS, Canal & River Trust, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà omi báyìí, kò sì ní fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ láìsí i àti láìsí ìbánigbófò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lẹ́yìn pákó. Ní oṣù kejìlá, fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀ lálẹ́. Bí pọ́ǹpù omi bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo iná á rẹ̀wẹ̀sì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná lábẹ́ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, níbi tí bátìrì wà, a sì gbé ọmọ wa jáde sí etí odò nínú òtútù. Bàbá kan tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ iná ọkọ̀, bá wa pa súìṣì àgbà, ó sì tú ògiri náà lọ́jọ́ kejì.

Wáyà ilé ló kún ibẹ̀, wáyà pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń gbìn sínú ògiri ní orílẹ̀-èdè yìí, tó jẹ́ pé ọ̀pá bàbà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ilé kì í gbọ̀n, ọkọ̀ ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bàbà tó jẹ́ ọ̀pá kan á sì máa le sí i bó ṣe ń gbọ̀n títí yóò fi kán. Ìdí nìyẹn tí ìlànà ọkọ̀ fi béèrè wáyà tó jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ okùn bàbà tín-ín-rín tí wọ́n lọ́ pọ̀. Èyí tó dára jù ni kí wọ́n fi tánńganran (tin) bo okùn kọ̀ọ̀kan kí ọ̀rinrin má baà bà á jẹ́.

Wáyà náà tún tín-ín-rín jù. Iná volt 12 kì í fara da wáyà tóóró. Fíríìjì mi ń fa amp 5, ó sì jìnnà sí bátìrì tó mítà 10, tó túmọ̀ sí pé iná náà ń rin mítà 20 ní àlọ àti àbọ̀. Nínú wáyà 1.5mm² tí ọkùnrin náà fi síbẹ̀, ó lé ní volt 1 tó ń sọnù sójú ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́wàá gbogbo agbára náà. Ká ní 6mm² ni, ohun tí yóò sọnù kò ní ju nǹkan bíi volt 0.3 lọ. Bátìrì kò ní àìsàn kankan, ẹni tó tà á fún mi sì ti ní kí n lọ ra tuntun!

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni fóòmù. Ọ̀pọ̀ narrowboat àtijọ́ ni wọ́n fi fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, tẹ́ inú irin rẹ̀ nítorí òtútù. Bí rọ́bà PVC tó bo wáyà bá fara kan fóòmù yìí, epo tó mú rọ́bà náà rọ̀ yóò máa fà sínú fóòmù, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ rọ́bà náà á gan, á sì máa fọ́ bí èèpo ẹyin. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wáyà gba inú páìpù kọjá níbikíbi tí irú fóòmù bẹ́ẹ̀ bá wà. Nínú ọkọ̀ mi, wọ́n gé ihò gbọọrọ sínú fóòmù, wọ́n tẹ wáyà sínú rẹ̀ láìsí páìpù, wọ́n sì kan pákó lé e.

Òórùn tí ìyàwó mi gbọ́ wá láti ibi tí wọ́n ti lọ́ wáyà méjì pọ̀ tí wọ́n sì fi téèpù wé e, láìsí fíùsì láàárín rẹ̀ àti bátìrì mẹ́rin. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé volt 12 kò lè pa ènìyàn. Kì í gbé ènìyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dáná sun ọkọ̀: bí amp 100 bá ń gba ojú ìso tí kò fún kọjá, ooru ibẹ̀ lè tó ti gílóòbù oní-watt 100 àtijọ́, nínú ihò tí pákó yí ká. Àwa tí a dàgbà sí ilé tó ní inverter ní Èkó tàbí Ìbàdàn máa ń rò pé a ti mọ bátìrì, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inverter ilé wà lórí sìmẹ́ǹtì.

Ní ti iná volt 230, ohun mẹ́ta ni bàbá náà fi hàn mí tí mo fẹ́ kí ẹ wò nínú ọkọ̀ èyíkéyìí. Kò sí súìṣì tó ń yan ọ̀kan láàárín iná etí odò àti inverter, nítorí náà bí inverter bá ń ṣiṣẹ́, eyín irin tó wà nínú ihò tí a ń ki wáyà etí odò bọ̀ ní ìta ọkọ̀ ti ní iná lára, níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Kò sí RCD, ẹ̀rọ tó yẹ kó já iná bí milliamp 30 péré bá yapa kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n sì gé wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò lára irin ọkọ̀. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á, ó ní kí irin má baà dípẹtà ni. Òótọ́ ni pé wáyà ẹ́ẹ̀tì etí odò so irin ọkọ̀ pọ̀ mọ́ irin àwọn ọkọ̀ tó kù, tí iná kékeré sì máa ń jẹ irin lábẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní galvanic isolator tàbí isolation transformer ni wọ́n ń fi ṣe ìtọ́jú ìyẹn. Ẹni tó bá gé ẹ́ẹ̀tì ti sọ gbogbo ara ọkọ̀ di ohun tó lè gbé ènìyàn lọ́jọ́ tí wáyà kan bá bó.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé wọ́n ti pààrọ̀ wáyà ọkọ̀ àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí, kí ẹ sì fi wé ọjọ́ tó wà lára ìwé BSS. Bí iṣẹ́ bá ti gbẹ̀yìn ìwé, ẹ ní kí wọ́n pe olùyẹ̀wò tuntun, kí ẹ̀yin fúnra yín sì mú orúkọ rẹ̀ láti inú àkọsílẹ̀ tí BSS ń ṣe. Ẹ béèrè fún àwòrán ọ̀nà tí wáyà gbà, ìwọ̀n rẹ̀ àti ti fíùsì rẹ̀. Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ gidi máa ń fi í sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n tú pákó kan péré níbi tí ẹ̀yin bá yàn. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi sọ pé pákó náà yóò bàjẹ́, mo sì gbà fún un. Ká ní mo takú ni, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìbá gbà mí láti rí wáyà aláwọ̀ eérú yẹn.

Ẹ má sì san gbogbo owó láti báńkì bí mo ṣe ṣe. Bí ẹni tó ń tà á bá jẹ́ oníṣòwò, Consumer Rights Act ti 2015 fún yín ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tí kò pé padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 ti kọjá kí fíríìjì mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú, n kò sì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Bí ẹni tó ń tà á bá sì sọ pé ọkọ̀ ara òun lòun ń tà, òfin yìí kò gbà yín. Ohun tó ń sọ báyìí náà nìyẹn, nígbà tí ó ti ta ju ọ̀kan lọ ní etí odò kan náà. Bí ẹ bá fi káàdì ìyáwó san díẹ̀ lára owó náà fún oníṣòwò tó gbà á, apá 75 nínú Consumer Credit Act ti 1974 lè mú kí ilé iṣẹ́ káàdì náà bá yín ru ẹ̀bi, bí iye ọjà bá ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ. Tèmi ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì lo káàdì. Mo ti fi ẹjọ́ sùn nípasẹ̀ Citizens Advice, àjọ ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ tó ń gbé irú rẹ̀ fún Trading Standards, àwọn tó ń ṣọ́ oníṣòwò. Owó àtúnṣe iná nìkan, £7,600, ni mo ń béèrè ní kóòtù kékeré, nítorí £10,000 ni òpin ohun tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gba ibi tí mo ti ra tèmi kọjá. Ọkọ̀ mìíràn ti wà níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé rẹ̀ sọ pé gbogbo wáyà rẹ̀ jẹ́ tuntun. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀, mo sì rí odidi róòlù wáyà pẹlẹbẹ aláwọ̀ eérú lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá ti ń bá wọn ṣe àdéhùn lórí ọkọ̀ náà, kó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi kó tó fi owó ránṣẹ́. Màá fi àwòrán ohun tí a tú jáde nínú tèmi hàn án.