Mo da aró sínú ọ́ìlì kí n tó mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì mi ti ń jò

Ọkọ̀ mi ti lé ní 20 ọdún, nítorí náà tó bá ń làágùn ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀, mi ò kì í bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé mò ń da lítà kan kún un lóṣooṣù, tí òórùn ọ́ìlì tó ń jóná sì ń wọlé bá mi nígbàkúùgbà tí mo bá dúró, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní eré. Ọ́ìlì tó bá ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná lè gbiná.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i pé ibi tí ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì ti pàdé ti rin gbindin. Ó dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, síìlì ẹ̀yìn ti lọ nìyẹn." Kò lo ìṣẹ́jú méjì. Síìlì yẹn fúnra rẹ̀ kò ju òrùka rọ́bà lọ, àmọ́ gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ tó lè tó o. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó ná.

Ohun tí mo wá rà ni ìgò aró kékeré kan tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì UV àti awò ojú aláwọ̀ yẹ́lò. Aró ni mo pè é o, àmọ́ kò dúdú. Á bá ọ́ìlì rìn káàkiri inú ẹ́ńjìnnì, ibi tí ọ́ìlì bá sì ti rí àyè jáde, á bá a jáde. Tí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sí i nínú òkùnkùn, á máa tàn bíi tanátaná.

Ìwé tó bá a wá ní kí n tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí n sì wò ó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ara ẹ́ńjìnnì ló tàn yòò! Ìdọ̀tí àtijọ́ tó ti lẹ̀ mọ́ ọn ló fa ọ́ìlì tuntun mu, èyí tó dà sílẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ihò tí a ń gbà da ọ́ìlì sì tún dá kún un. Ohun tí ìwé yẹn ìbá ti kọ sókè gàdàgbà nìyí: ẹ fọ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó da nǹkankan sí i. Mo dúró kó tutù, mo fi ọ̀rá bo distributor (èyí tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì) àti alternator (èyí tó ń ṣe iná fún bátìrì), mo fi ọṣẹ tó ń bó gíríìsì fọ̀ ọ́ títí irin fi hàn, mo wá wa ọkọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó rí òótọ́.

Ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀ ni, atẹ́gùn sì máa ń gbá a sẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ń lọ. Nítorí náà, ibi tó rin jù kọ́ ni kí ẹ wò, ibi tó ga jù tó sì wà níwájú jù ni. Ìlà kan tín-ín-rín ló ti ìdí distributor bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ó gorí gíábọ́ọ̀sì, ó wá ń kán níbi tí mẹkáníìkì ti rí i gan-an. Síìlì ẹ̀yìn gbẹ. Igun kan lára gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí ojú ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì náà ń jò.

Mo sàmì síbi tí distributor dúró sí kí n tó yọ ọ́, kí iná má baà máa já lásìkò tí kò yẹ. O-ring rẹ̀, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dí ìdí rẹ̀, ti gan. Bí mo ṣe fẹ́ fa á ló kán sọ́wọ́ mi. Lórí ìdérí òkè, ẹni tó ṣe é gbẹ̀yìn ti fi sílíkóònù kùn ún yíká bí ẹni rẹ́ ilé. Èyí tó bá yọ sínú lè já bọ́, kó lọ dí asẹ́ tó wà nínú sọ́ọ̀mpù, àwo tí ọ́ìlì ń dúró sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì ò sì ní lè gòkè mọ́. Bíńtín ni mo fi sí àwọn igun nìkan. Agbára kékeré náà ni bóòtù ibẹ̀ ń fẹ́, bíi 8 sí 10 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń dè é) lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì; ẹ wo ìwé ọkọ̀ tiyín.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo ti fi ètè sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá. Mo yọ PCV valve, fáàfù kékeré tí èéfín inú ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, mo mì í. Ó yẹ kó máa dún, àmọ́ kò dún rárá, ó ti gan pa. Èéfín tó ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì kọjá kò ríbi jáde mọ́, ló bá ń ti ọ́ìlì gba ibi tó rọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Aró ò lè sọ èyí fún èèyàn; ibi tó ń jò ló ń fi hàn, kì í sọ ohun tó fà á.

Àléébù rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò lágbára, kò wúlò rárá lójú ọ̀sán. Nínú ọ́ìlì tó ti dúdú, aró náà kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Tí ẹ bá sì tún nǹkan ṣe tán, ẹ tún un fọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa lé ọ́ìlì àná kiri. Tó bá jẹ́ òkè tí ojú ti lè rí i ló ti ń jò, ẹ má rà á: ẹ fọ ibẹ̀ kó gbẹ, kí ẹ bu páúdà sí i, ọ́ìlì á fi ara rẹ̀ hàn. Síbẹ̀, èmi tí kò jẹ́ kí n sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ lásán, mo fún un ní 4 nínú 5. Mo fi fọ́tò han mẹkáníìkì yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?"

Páálí tí mo tẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ àná ní ẹ̀kán kan ṣoṣo. Bóòtù tí a ń tú láti da ọ́ìlì nù ló ti wá, wásà rẹ̀ ni mi ò pààrọ̀. Ìyẹn á dúró di ìgbà tí mo bá yí ọ́ìlì.