Iléeṣẹ́ tó ń gba iye kan ṣoṣo láti polówó ilé: ohun tí owó yẹn rà, àti ohun tí kò rà

Àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó ń bá onílé polówó ilé tó fẹ́ tà, tí wọn kì í gba ìdá kankan nínú owó ilé. Iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà, ilé ì báà jẹ́ oníyàrá méjì, ì báà jẹ́ alájà mẹ́ta. Wọn á ya fọ́tò, wọn á gbé ìpolówó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn á gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà, wọn á sì fún onílé ní ìwé àdéhùn tí yóò kọ ọ̀rọ̀ sí. Ìyókù dọwọ́ onílé. Lójú tiwa, iṣẹ́ náà tó owó rẹ̀ fún ẹni tó lè fara balẹ̀ díyelé ilé rẹ̀, tó sì mọ bí a ṣe ń nájà. Ẹni tí kò bá lè ṣe méjèèjì, owó tó rò pé òun fi pamọ́ á gba ibòmíràn jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ilé tó 100,000, owó ilẹ̀ yòówù kó jẹ́. Ajẹ́ńtì tó ń gba ìdá 5 nínú 100 yóò mú 5,000. Bí iléeṣẹ́ olówó-kan bá gba 1,000, 4,000 ló kù sọ́wọ́ onílé. Owó lọ́yà kò kúrò níbẹ̀. Ajẹ́ńtì wà, ajẹ́ńtì kò sí, a máa san án. Ṣùgbọ́n bí ẹni àkọ́kọ́ tó wá bá sọ pé 96,000 lòun ní, tí onílé sì gbà nítorí pé ojú ń kán an, 4,000 yẹn ti lọ, gbogbo wàhálà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sì di iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Ta ló sì máa sanwó ajẹ́ńtì ẹni tó fẹ́ rà? Níbi tí ajẹ́ńtì méjì bá ti ń pín kọmíṣọ̀n, tó jẹ́ pé àpò olùtà ni ti àwọn méjèèjì ti ń jáde, ìdajì péré ni iléeṣẹ́ olówó-kan mú kúrò. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, a kò gbọdọ̀ kọ owó ajẹ́ńtì olùrà sínú àkójọ ilé títà tí wọ́n ń pè ní MLS mọ́. Síbẹ̀, olùrà ṣì lè ní kí olùtà bá òun san án. Ẹ kà á mọ́ ìṣirò yín kí ẹ tó máa yọ̀.

Ibi tí iléeṣẹ́ wọ̀nyí ti ń jáni kulẹ̀ jù ni ìwé àdéhùn wọn. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa san owó náà bí ilé kò bá tà. Ẹ wo oṣù mélòó ni ìpolówó máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì; oṣù mẹ́ta kì í tó fún ilé tó tóbi. Àwọn kan máa ń ní "ẹ san án tó bá yá," ṣùgbọ́n gbèsè ni, wọ́n sì máa ń so ó mọ́ lọ́yà tiwọn: bí ẹ bá lo lọ́yà mìíràn, owó náà di sísan lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá nọ́ńbà ẹni tó pè máa dé ọwọ́ yín tààrà. Níbi tó bá jẹ́ pé ọ́fíìsì wọn ló ń dáhùn, ẹni tó pè lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ lè má gbọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ Ajé, yóò sì ti wo ilé mìíràn.

Fọ́tò la fi ń mọ èyí tó mọṣẹ́ nínú wọn. Oníṣẹ́ gidi yóò dúró sí igun yàrá, yóò gbé kámẹ́rà sí ìwọ̀n àyà, bíi mítà 1.2 sí 1.5, kí ògiri lè dúró ṣánṣán. Yóò tan gbogbo iná, yóò ṣí kọ́tìnnì, yóò kó bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kànìnkànìn kúrò ní balùwẹ̀. Iwájú ilé, ìgbà tí oòrùn bá wà lẹ́yìn ayafọ́tò ni yóò yà á. Fọ́tò 15 sí 25 ti tó. Èyí tí kò mọṣẹ́ á lo awò tó fẹ̀ jù, pálọ̀ á wá rí bíi gbọ̀ngàn. Ẹni tó wá wò ó á dé ẹnu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, láti ìgbà yẹn lọ àbùkù ilé nìkan ni ojú rẹ̀ á máa rí. Ẹ ní kí wọ́n fi fọ́tò ilé mẹ́ta tí wọ́n yà láìpẹ́ hàn yín kí ẹ tó sanwó.

Iye tí kọ̀ǹpútà wọn bá dá lé ilé yín kò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Kò mọ̀ pé òrùlé ń jò, kò sì mọ̀ pé ilé ìdáná ṣẹ̀ṣẹ̀ di tuntun. Ẹ wá ilé mẹ́ta, ó kéré tán, tó jọ tiyín ládùúgbò, tí wọ́n tà láàrin oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Iye tí wọ́n tà á gan-an lẹ máa wò, ẹ fi iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè é sílẹ̀. Bí owó bá wà, ẹ sanwó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídíyelé ilé. A rò pé owó yẹn ló dára jù tí olùtà lè ná.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ìpolówó máa ń rí ojú jù, nítorí náà ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kankan kò pè, ẹjọ́ iye owó ni, tàbí ti fọ́tò àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń wá tí wọn kò dá owó lé e, nǹkan kan wà nínú ilé tí fọ́tò kò fi hàn: òórùn ọ̀rinrin, ariwo ọ̀nà, yàrá tó ṣókùnkùn. Ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ yọ ọ́ nínú owó. Bí wọ́n bá ń dá owó, tí gbogbo rẹ̀ sì ń bọ́ sí ibì kan náà nísàlẹ̀ iye tí ẹ pè é, ọjà ti sọ iye ilé yín fún yín nìyẹn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ìpolówó tó jáde, kí ìwé ilé, ìwé owó orí ilé àti lẹ́tà báńkì tó sọ iye gbèsè tó kù lórí ilé ti wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Olùrà tó ń dúró de ìwé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa ń yí ọkàn padà. Àbùkù tí ẹ bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Èyí tí ẹ bá fi pamọ́ lè gbé yín dé ilé ẹjọ́ lẹ́yìn tí ilé bá ti tà.

Ẹ má ṣe fi ilé han àlejò ní ẹ̀yin nìkan, ẹ sì má ṣe sọ pé ẹ ti rí ilé mìíràn rà. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ojú ń kán yín yóò ja owó sílẹ̀. Kí olùrà kọ iye tó dá sílẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà báńkì tó fi hàn pé owó wà. Ẹni tó dá owó tó pọ̀ jù tí kò ní lẹ́tà kankan, a kò ní kà á sí olùrà. Bí báńkì olùrà bá wá díyelé ilé sísàlẹ̀ iye tí ẹ fẹnu kò lé, olùrà lè fi owó ara rẹ̀ kún un, ẹ lè dín in kù, tàbí kí ẹ jọ pín ìyàtọ̀ náà. Ajẹ́ńtì tó dáńtọ́ máa ń wúlò gan-an níbí yìí, iléeṣẹ́ olówó-kan kò sì ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Àpò ìfowópamọ́ oníbàárà tó wà lọ́wọ́ lọ́yà ni kí owó àsansílẹ̀ lọ. Bí lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, ẹ pe lọ́yà lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe pe èyí tó wà nínú lẹ́tà náà.

Ilé ogún tí ẹbí kò tíì fẹnu kò lé lórí, ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ tí kò fẹ́ jáde, tàbí ilé tí onílé kò sí nílùú: ẹ san kọmíṣọ̀n, ẹ wá ajẹ́ńtì. Fún àwọn tó kù, kí ẹ yan iléeṣẹ́ olówó-kan tó ń gba owó lẹ́yìn tí ilé bá tà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti àsansílẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì kó kọ́kọ́rọ́ lé olùrà lọ́wọ́, ẹ jọ ka mítà iná àti ti omi, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì jọ buwọ́ lùwé, torí kò ní sí ẹnikẹ́ni láti iléeṣẹ́ náà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.