Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ lọ tu káyáàkì ní etíkun Pembrokeshire

Mo ń kọ èyí sí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wales, pàápàá ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹgbẹ́ ìjọ tó máa ń kóra jọ lọ gbafẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkùnrin kan ń polówó lórí Facebook pé òun máa ń mú èèyàn tu káyáàkì (ọkọ̀ kékeré tóóró tí a ń fi àjẹ̀ tù) fún odidi ọjọ́ kan ní etíkun Pembrokeshire ní Wales, níbi tí òkè àpáta ti dúró gbọnrangandan sójú òkun, tí èèyàn ti lè tukọ̀ wọ inú ihò àpáta, tí ẹran séàlì sì ń yá oòrùn lórí òkúta. Gbogbo wa la mọ gbájúẹ̀ tó máa ń gbowó tán tí yóò sì di àwátì. Ti ọkùnrin yìí yàtọ̀, nítorí pé yóò rán èèyàn wá, èèyàn tó rán wá náà ló sì fi ń jẹ owó yín mọ́lẹ̀.

Àwa mẹ́fà la san £110 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, £660 lápapọ̀. Ó ní kí n fi í ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, sínú àkáǹtì tó wà lórúkọ ara rẹ̀, torí pé ẹ̀rọ tó fi ń gba káàdì ń yọ òun lẹ́nu. A fi òru rìn láti London, a sì dé Whitesands Bay nítòsí St Davids kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù. Atọ́nà tí wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ sójú ìpolówó kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan la bá, kò ní rédíò VHF tí wọ́n fi ń ké pe ìrànlọ́wọ́ lójú omi lọ́wọ́, fóònù rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá búrẹ́dì tó fi rọ́bà dì lẹ́nu kí omi má baà wọ̀ ọ́. Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù aléfòó tó kó fún wa: ìkọ́ ike rẹ̀ méjì ti kán, okùn bàtà ni wọ́n fi so ọ̀kan nínú wọn, nígbà tí mo sì tẹ fóòmù inú rẹ̀, ńṣe ló ń rún sí mi lọ́wọ́ bíi gàrí. Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa omi tó fi tẹ́ ìwé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ pé ká buwọ́ lù ú pé bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá kú, kò kan ilé-iṣẹ́ àwọn. (Ìwé bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bó bá jẹ́ pé àìbìkítà wọn ló fa ikú náà, òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 kò gbà á.)

Ẹ̀gbọ́n wa kan, ọmọ Ìlàjẹ tó dàgbà sí Ayétòrò, kò tiẹ̀ wo ẹ̀wù náà. Ojú omi ló tẹjú mọ́. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i bí omi ṣe tẹ́ bí ẹní níwájú wa yìí? Atẹ́gùn ẹ̀yìn wa ló tẹ́ ẹ. Orí ilẹ̀ ló ti ń fẹ́ lọ sójú òkun. Wíwọlé kò ní nira, àtipadà ni yóò di ogun.” Òótọ́ ni. Ìwọ̀-oòrùn ni Whitesands kọjú sí, nítorí náà, lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ti ìlà-oòrùn wá, omi ẹsẹ̀ yanrìn á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti kúrò lábẹ́ ààbò òkè, ìgbì á máa ga sí i, atẹ́gùn á sì máa gbé káyáàkì lọ. Ní gúúsù ibẹ̀ ni Ramsey Sound wà, ojú omi tóóró láàárín ilẹ̀ àti erékùṣù Ramsey, níbi tí òkun ti ń sáré gba àárín òwọ́ àpáta tí wọ́n ń pè ní The Bitches kọjá. Àwọn ọ̀gá atukọ̀ pàápàá kì í débẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n ti wo àkókò tí omi yóò yí padà. A bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé aago mélòó ni omi yóò yí lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yóò wò ó lórí fóònù.

A kọ̀, a ò lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin tó gbowó wa fèsì pé àwa la fagi lé e, owó tí a bá sì ti san kì í padà. Mo pe báńkì. Láti ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni òfin ti ní kí báńkì ilẹ̀ yìí dá owó padà fún ẹni tí gbájúẹ̀ bá tàn láti fowó ránṣẹ́ báyìí, títí dé £85,000, ṣùgbọ́n aáwọ̀ láàárín olùtajà àti oníbàárà kò sí lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì gbọ́ pé ó rán èèyàn wá, pé wọ́n gbé ọkọ̀ wá, wọ́n ní aáwọ̀ lásán ni. Ká ní ó sá lọ ni, ìbá sàn fún wa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí gbólóhùn “a ní ìwé àṣẹ ìjọba” tó wà lójú ìpolówó rẹ̀ tàn yín. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́rin kú nínú ìrìn káyáàkì ní Lyme Bay lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1993 ni wọ́n ṣe òfin ìwé àṣẹ náà, ní 1995, ó sì kan kìkì ẹni tó ń gbowó láti kó ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí òbí rẹ̀ kò bá a lọ. Kò pọn dandan fún ẹni tó ń kó àgbàlagbà. HSE, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ní àkọsílẹ̀ àwọn tó ní in, gbogbo ayé ló lè wò ó. Mo wò ó, n kò rí orúkọ rẹ̀. Ní Haverfordwest, nínú Pembrokeshire kan náà, èèyàn mẹ́rin, àgbàlagbà gbogbo wọn, ló kú nínú ìrìn paddleboard (pátákó tí èèyàn ń dúró lé tù lórí omi) lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Wọ́n rán ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ tó kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá àti ààbọ̀ ní 2025.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa wà níbẹ̀, n kò sì fẹ́ ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè orúkọ ẹni náà gan-an tí yóò bá yín wọ omi, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí Sea Kayak Leader ti Paddle UK, tí í ṣe British Canoeing títí di 2024. Ẹ béèrè ibi tí wọn yóò kó yín lọ bí atẹ́gùn bá yí, àti bóyá owó yín yóò padà bí wọ́n bá fagi lé e. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí. Tiwa dáhùn pé a ti ń ṣe wàhálà jù. Ohun tí iye rẹ̀ bá ju £100 lọ, tí kò sì kọjá £30,000, ẹ fi káàdì kírẹ́díìtì san án, torí abala 75 (section 75) òfin Consumer Credit Act ti 1974 jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ káàdì náà jẹ yín ní gbèsè bí olùtajà bá já yín kulẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti fi ẹjọ́ sùn ní Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti pa orúkọ ojú ewé rẹ̀ dà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn fọ́tò kò yí padà: káyáàkì pupa méjì àti yẹ́lò kan lábẹ́ àpáta, atọ́nà tí a ò rí sójú náà sì ń rẹ́rìn-ín níwájú wọn. Bí ẹ bá ti sanwó fún un sílẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè òkè yìí ránṣẹ́ sí i lónìí, kí ẹ sì ya fọ́tò ìdáhùn rẹ̀ pa mọ́. Bí ọjọ́ bá sì pé tí ẹ débẹ̀, ẹ ya ẹ̀wù aléfòó, ọkọ̀ àti ojú omi ní fídíò kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ò lọ mọ́. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló sì ń dí wa lọ́wọ́ báyìí.